Ìwé Méje Nínú Àpótí Màmá Rọ́ṣíà

Òórùn tó máa ń wà nínú kọ̀rídọ̀ block wa ní Thamesmead, ní London, nígbà yẹn, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ tán fún ẹni tí ò gbébẹ̀ rí. Omi adágún ẹ̀yìn ilé máa ń rùn bí oòrùn bá ti mú díẹ̀, ògiri kọnkéré wa máa ń tutù rinrin, kódà nígbà ooru, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, ata tí àwọn mọ́mì ń dín lókè á sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé kábéèjì àti ewé olóòórùn kan báyìí tí Màmá Rọ́ṣíà ń sè nísàlẹ̀. Tó o bá ṣílẹ̀kùn wọlé, wàá kọ́kọ́ sín, lẹ́yìn náà ni ebi á wá pa ẹ́. O bi mí lọ́jọ́sí pé kí ló dé tí mo máa ń yí tẹlifíṣọ̀n kúrò tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà. Mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa. Nǹkan wà ńbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé èmi fúnra mi.

Àwa la sọ ọ́ ní Màmá Rọ́ṣíà, torí kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ ẹ̀ gangan kí ahọ́n ẹ̀ má kọ́. Obìnrin kúkurú ni, ó máa ń so ìborùn ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrùn, tó bá kẹ̀yìn sí ẹ wàá rò pé ọ̀kan nínú àwọn Àlàájà wa ni. Ọmọ ẹ̀ obìnrin tó mú un wá sí London ti bá ọkọ lọ sí ìlú míì, ó wá ku òun nìkan àti ológbò kan tó sanra bíi pìlò. Inú ọkọ̀ ojú omi Woolwich lòun àti mọ́mì mi ti pàdé. Mọ́mì mi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní òdìkejì odò, níbi tó ti ń fọ ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ìyá yẹn ní tiẹ̀ ò lọ síbì kankan. Ó kàn máa ń wọ ọkọ̀ yẹn lọ, á tún wọ̀ ọ́ bọ̀. Mọ́mì mi bi í pé kí ló ń wá. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, òun fẹ́ràn kóun jókòó sínú nǹkan tíjọba ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo èèyàn, ó ti pẹ́ tóun ti jókòó sínú irú ẹ̀ gbẹ̀yìn. Òyìnbó ẹnu mọ́mì mi ò já geere, tìyá náà ò já geere, àmọ́ látọjọ́ yẹn àwọn méjèèjì ò dákẹ́ mọ́.

Ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú nìyí o: ìyá yẹn funfun. Lójú mọ́mì mi àti àwọn mọ́mì yòókù nínú block, ẹni tó bá ti funfun, òyìnbó ni. Òyìnbó ló ń kọ lẹ́tà council, òyìnbó náà ló sì máa mọ ohun tí wọ́n fi pa mọ́ sínú ẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé, ọ̀dọ̀ Màmá Rọ́ṣíà ni wọ́n ń gbé e lọ. Èmi tí mo ti wà níbí láti ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí mo jáde school níbí, tí mò ń fi òyìnbó kọ gbogbo ohun tí mo bá ṣe fáwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, wọn ò kà mí kún rárá.

“Mọ́mì, èmi ńkọ́? Ṣé mi ò lè kàwé ni?”

“O lè kà á. Ìwọ kì í ṣòyìnbó.”

“Ìyá yẹn náà kì í ṣòyìnbó ibí! Àná ló bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní tenant!”

“Ìrẹ̀lẹ̀ ló fi bi ẹ́. Ìwọ ò ní irú ẹ̀.”

Inú máa ń bí mi débi pé etí mi á gbóná. Àti pé o mọ̀ mí, kì í pẹ́ kínú tó bí mi. Ìyá yẹn á gba lẹ́tà, á fi awò ńlá kan sójú ìwé, á máa kà á, ẹnu ẹ̀ á máa mì, a lè jókòó síbẹ̀ títí omi tíì á fi tutù. Tó bá wá kà á tán, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa sọ. “Ẹ má tíì dáhùn. Ìwé míì wà lẹ́yìn ìwé yìí.” Àwọn mọ́mì á mi orí bíi pé wòlíì ló sọ̀rọ̀.

Tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, mọ́mì mi á ní kí n gbé mọ́ínmọ́ín sọ̀ kalẹ̀ fún un, ìyá á sì dá mi jókòó, á da jáàmù sínú tíì fún mi, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Gbogbo ẹ̀, òyìnbó jágbajàgba la fi ń sọ ọ́, èmi ni mò ń tò ó fún ẹ báyìí. Ó ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìkòkò lòun àtọkọ òun ti ṣiṣẹ́, nílùú kan tí yìnyín kì í tètè kúrò. Nígbà kọ́múníìsì, ìjọba ló fún wọn nílé, ìjọba ló ń rán àwọn ọmọ wọn lọ sétí òkun nígbà ọlidé, kò sì sẹ́ni tí ò níṣẹ́. Mo ní, “Ah, ó mà dáa o.” Ó ní ó dáa kẹ̀, àmọ́ èèyàn lè tò fún bàtà láti àárọ̀, kó dé iwájú kí wọ́n ní ti ọmọdé nìkan ló kù, á sì rà á, torí ó ṣeé fi pààrọ̀ nǹkan míì. Bàbá ẹ̀ sì ṣàwàdà kan nípa ìjọba níbi iṣẹ́, kò sùn sílé fọ́dún mẹ́ta. Mo ní, “Ah, ó mà burú o.” Ó ní ó burú kẹ̀. Ìgbà tí ìjọba yẹn wá wó, ọjà kún ṣọ́ọ̀bù fọ́fọ́, owó oṣù ni ò wọlé. Ìkòkò ni wọ́n ń kó fún wọn dípò owó. Gbogbo òṣìṣẹ́ bá lọ dúró sẹ́bàá títì, wọ́n ń ta ìkòkò fún ara wọn.

“Ta ló fẹ́ rà á?” ó ní. “Gbogbo wa la níkòkò. Ohun tá a máa sè sínú ẹ̀ ni ò sí.” Ó rẹ́rìn-ín títí tíì ẹ̀ fi dà sílẹ̀.

Ti ìsinsìnyí ńkọ́? Àbúrò ẹ̀ ṣì ń gbé ọ̀hún, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní títì ń dán, owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé lọ́jọ́ tó yẹ, tẹlifíṣọ̀n sì ń sọ fún wọn láràárọ̀ pé àwọn tún ti di ńlá láyé. Àmọ́ tóun bá ti bi í ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ìjọba, àbúrò ẹ̀ á ní yìnyín ti ń já lọ́dọ̀ àwọn o, á sì kí i pé ó dàbọ̀.

Èmi, mo fẹ́ kí nǹkan jẹ́ ọ̀kan. Tó bá dáa kó dáa, tó bá burú kó burú, kí n mọ ẹni tí mo máa bá jà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi nírú nǹkan wọ̀nyẹn ní school kọjá ti ogun, mo bá ń wo fídíò nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá ń lọ síṣẹ́. Fídíò kan ní ọ̀run àpáàdì ni Rọ́ṣíà àtijọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ní ibi rere ni, àwọn ará ìta ló bà á jẹ́. Ẹnì kẹta ní rárá, àwọn olè ilé ni. Mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀, mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n bú mi, kò sì tún sí èyí tó yé mi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́jọ́ yẹn mo lọ bá a.

“Màmá, ṣé ti àtijọ́ lẹ fẹ́ ni?”

“Rárá o.”

“Ti ìsinsìnyí ńkọ́?”

“Rárá, rárá.”

“Kí lẹ wá fẹ́ gan-an?”

Ó fi ṣíbí ro tíì ẹ̀ títí. “Mo fẹ́ kí wọ́n bi mí léèrè, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.”

Mo bínú jáde. Ṣé ìdáhùn nìyẹn?

Ìwé tó wá fa wàhálà dé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ibùdókọ̀ ojú irin tuntun ní Abbey Wood lọ́wọ́, tí gbogbo ibẹ̀ kún fún eruku àti ariwo ẹ̀rọ. Àwọn tó ni block wa fẹ́ wó o. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sílé kọ̀ọ̀kan: ṣé o fẹ́ kó lọ pátápátá síbi tí wọ́n bá fún ẹ, àbí o fẹ́ kúrò ná, kó o padà wá tí wọ́n bá kọ́ tuntun tán? Ọjọ́ Jímọ̀ ló gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì wọn. Tí ò bá dé, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa kó ẹ sí. Èmi àti mọ́mì mi ti gbé yàrá kan nílé onílé fọ́dún mẹ́rin kí wọ́n tó fún wa ní flat yẹn. Kò sí nǹkan míì tá a ní ní gbogbo ìlú yìí. Mọ́mì mi máa ń jáde níṣẹ́ láàárọ̀ kùtù, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń gbé e débẹ̀ lásìkò yẹn. Tí wọ́n bá jù wá sí ìlú kan tó jìnnà, iṣẹ́ lọ nìyẹn, mọ́sálásí ẹ̀ lọ nìyẹn, gbogbo ẹni tó mọ̀ lọ nìyẹn.

Mo wá fọ́ọ̀mù yẹn títí ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, mi ò rí i.

“Mọ́mì, fọ́ọ̀mù dà?”

“Ó wà níbi tó wà.”

“Níbo?”

“Wo ẹnu ẹ. Tí mo bá sọ fún ẹ, gbogbo Thamesmead á gbọ́.”

Mi ò jẹ́ ó sinmi. Nígbà tó sú u, ó ní, “Màmá Rọ́ṣíà ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀. Fi mí sílẹ̀.”

Ìyẹn gan-an lohun tí mi ò fẹ́ gbọ́. Torí ìtàn kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹ. Nígbà tí kọ́múníìsì wó, ìyá yẹn ní gbogbo èèyàn ilẹ̀ àwọn, tó fi mọ́ ọmọ jòjòló, ni wọ́n fún níwèé kan. Wọ́n ní ìpín tìẹ nínú orílẹ̀-èdè rèé, nínú gbogbo iléeṣẹ́, nínú gbogbo kànga epo. Ọ̀pọ̀ ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi tiẹ̀ gba ṣúgà. Ọkọ ẹ̀ ní tiẹ̀ wá ní kí gbogbo àwọn táwọn jọ ń ṣiṣẹ́ kó tiwọn wá, pé tó bá wà lójú kan ló máa lágbára. Ó kó wọn sínú àpótí, ó gbé e lọ fún iléeṣẹ́ kan tílẹ̀kùn ẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Lọ́jọ́ kan wọ́n débẹ̀, gíláàsì wà, èèyàn ò sí. Látìgbà náà tọ́kọ ẹ̀ bá kí èèyàn lórí àtẹ̀gùn wọn kì í dá a lóhùn, títí ó fi kú. Mo bi í pé ṣé ọkọ ẹ̀ jẹ nínú ẹ̀ ni, àbí wọ́n fi í jẹ. Ó ní orí ibùsùn kan náà làwọn jọ sùn, òun ò sì mọ̀.

Ó yé ẹ? Obìnrin kan náà tó sọ ìtàn yìí fún mi ló wá ń tọ́jú ìwé ilé wa.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo bá ọkùnrin ọ́fíìsì wọn lẹ́nu ọ̀nà block. Ó fi káàdì kọ́ ọrùn, ó ń lẹ ìwé mọ́ ògiri. Ó kí mi dáadáa. Ó ní fọ́ọ̀mù mọ́mì mi ò tíì dé o, ọ̀la làwọn máa parí ẹ̀, kódà ìyá àgbà tó wà nísàlẹ̀ yìí ti mú tiẹ̀ wá láti ọjọ́ Mọ́ńdè.

Mo ní kí ló wí? Ó tún un sọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà Màmá Rọ́ṣíà. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ò tì, mo kàn rí ara mi láàárín pálọ̀. Àwọn mọ́mì méje ló wà níbẹ̀, mọ́mì mi ń bẹ nínú wọn. Àlàájà òkè, tó dàgbà jù nínú wọn, jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó dáa níbẹ̀. Àpótí àtijọ́ kan wà lórí tábìlì, ó ṣí sílẹ̀, fọ́ọ̀mù méje wà nínú ẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹnì kan ń kọ lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Òyìnbó ni mo fi pariwo, kí ìyá yẹn lè gbọ́ ọ dáadáa.

“Ẹ ti sáìn tiyín! Ẹ ní kí mọ́mì mi má sáìn, ẹ̀yin ti sáìn láti Mọ́ńdè! Fọ́ọ̀mù méje ló wà níbí, tiyín dà?”

Ológbò sá sábẹ́ àga.

“Ìwọ ọmọ yìí, rọra,” Àlàájà òkè ní. “Ti ilẹ̀kùn yẹn ná.”

“Mi ò ní tì í! Kí gbogbo ayé gbọ́!”

“Jókòó,” mọ́mì mi ní. Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

“Mi ò jókòó!” Mo já lẹ́tà tí wọ́n ń kọ gbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, mò ń fi ohùn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àwọn méje jọ kọ ọ́ ni, àwọn máa jọ mú fọ́ọ̀mù wá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn fẹ́ padà sórí kọ̀rídọ̀ kan náà, àti pé kò sẹ́ni tó máa kó ẹrù nínú àwọn títí wọ́n á fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn máa padà. Mo kà á dé ìsàlẹ̀. “Ta ló kọ́ yín lọ́gbọ́n yìí? Ẹni tó ti lọ sáìn! Bí ọkọ ẹ̀ ṣe ṣe wọ́n níbi iṣẹ́ nìyẹn!”

Màmá Rọ́ṣíà dìde, ó tún jókòó. “Òótọ́ ni,” ó ní. “Mo sáìn. Ọkùnrin ọ́fíìsì yẹn pè mí. Ó dúró síwájú mi, ó fi káàdì kọ́rùn. Ọwọ́ mi ló sáìn, èmi ò sí níbẹ̀.” Ó na ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ sí mi bíi pé kí n mú un lọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí. Mo mú fọ́ọ̀mù mọ́mì mi nínú àpótí, mo yí padà kí n máa lọ, ni mo bá rí ọkùnrin ọ́fíìsì yẹn nínú kọ̀rídọ̀. Ó ṣì mú téèpù tó fi ń lẹ ìwé lọ́wọ́. Ó kí gbogbo wa pé ó dìgbà, ó sì lọ. Lẹ́yìn ẹ̀ làwọn mọ́mì yòókù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálùkù na ọwọ́ sínú àpótí, ó mú tiẹ̀. Wọn ò wojú ara wọn.

Kí wọ́n tó kí mọ̀gàríbì, fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin yẹn ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: tìẹ yàtọ̀ o, tó o bá tètè dé kí àwọn yòókù tó dé, màá wá ibi tó dáa fún ẹ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn méje lọ síbẹ̀, ìgbà méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ni mo gbé ti mọ́mì mi lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀.

Wọ́n fún wa nílé nítòsí Abbey Wood, ilé tó dáa, lift ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, bọ́ọ̀sì mọ́mì mi ṣì ń kọjá níbẹ̀. Wọ́n gbé Àlàájà òkè lọ síbì kan tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì méjì ló máa wọ̀ kó tó débi tí wọ́n ti ń ta iṣu. Àwọn yòókù fọ́n ká. Ọmọ Màmá Rọ́ṣíà wá fi ọkọ̀ kó o lọ, ìyá sì gbé ológbò sórí ẹsẹ̀. Mo wà lójú fèrèsé, mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo tún wá gbọ́ pé àwọn kan nínú block tó kọjú sí tiwa kọ irú lẹ́tà yẹn, wọ́n jọ mú un lọ, gbogbo wọn ló sì padà sórí kọ̀rídọ̀ kan náà. Bóyá torí lẹ́tà yẹn ni, bóyá wọ́n kàn ṣoríire ni, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi.

Fún bí ọdún méjì, mò ń sọ ìtàn yẹn fáwọn èèyàn níbi iṣẹ́ bíi pé èmi ni mo gba mọ́mì mi sílẹ̀. Títí di ọjọ́ Sọ́ńdè kan, mọ́mì mi ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnì, mo tún bẹ̀rẹ̀ pé ṣé ó rántí ìyá yẹn tó fẹ́ lu àwọn méje ní jìbìtì.

Kò gbójú sókè. “A mọ̀ pé ó ti sáìn.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Mọ́ńdè yẹn gan-an ló wá sọ fún wa. Ó ní tí ọkùnrin yẹn bá dúró síwájú èèyàn, èèyàn á sáìn, ká kó tiwa wá sọ́dọ̀ òun kó má baà bá a lọ́wọ́ wa. Òun tí wọ́n ti gba tiẹ̀ tán, kí ni wọ́n tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀? Torí ẹ̀ la ṣe kó o fún un.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?”

“Ìgbà wo? O ń ka lẹ́tà wa fún ọkùnrin yẹn.”

Ó padà sídìí ẹ̀wà ẹ̀.

Mo rò pé mo tú àṣírí obìnrin kan. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀. Yàtọ̀ sí èmi, ẹnì kan ṣoṣo tí ò mọ ètò wọn nínú block yẹn ni ọkùnrin tó ń lẹ ìwé, èmi ni mo sì fi òyìnbó tó já geere sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo tún wo fídíò sí i lẹ́yìn náà. Àwọn kan ní irọ́ ló wó orílẹ̀-èdè ìyá yẹn, pé gbogbo èèyàn mọ̀ pé nǹkan ò lọ dáadáa, wọ́n dákẹ́. Àwọn míì ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́ síta ló wó. Mi ò mọ ẹni tí màá gbè lẹ́yìn. Mo ṣì gbà pé ó yẹ kéèyàn máa sọ òótọ́. Mo tún gbà pé òótọ́ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ló tú wọn ká. Méjèèjì wà nínú mi, wọn ò bára wọn ṣe.

Ohun kan tó yí padà lára mi ni pé tínú bá ń bí mi báyìí, kí n tó lanu, mo máa ń kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó dúró síbẹ̀. Mọ́mì mi ní mo ti ń gbọ́n. Èmi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni. Ó lè jẹ́ ẹ̀rù. Ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àwọn tó jẹ́ pé lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á kàn dúró síwájú wọn, ọwọ́ wọn á sì sáìn.